Kí Ẹ Tó Gbé Ẹ̀rọ Gàrí Wọ Oko: Òfin Ètò Ìlú fún Àgbẹ̀ Ìbàdàn Tó Fẹ́ Fi Òwò Mìíràn Kún Oko

Owó ẹ̀gẹ́ tútù kò tó gbọ́ bùkátà mọ́ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń dáko ní Ìdó, Akínyẹlé, Lágẹlú, Ẹ̀gbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà àti Olúyọ̀lé, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tó yí ìgboro Ìbàdàn ká. Ẹnì kan fẹ́ máa yan gàrí, ẹlòmíràn fẹ́ sin adìẹ tàbí ẹja, àwọn tí oko wọn sún mọ́ títì sì ń ro búkà tàbí ọgbà ìnáwó. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni pé a máa ń ra ẹ̀rọ, a máa ń já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, kí a tó béèrè bóyá òfin gbà kí a fi ilẹ̀ yẹn ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ilẹ̀ lè jẹ́ ti bàbá ńlá yín láti ayébáyé. Ẹjọ́ ìyẹn kò sí lọ́wọ́ Town Planning, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ètò ìlú. Ohun tí ẹ fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe ni wọ́n ń bá yín sọ.

Kí ni wọ́n ń kà sí iṣẹ́ tó nílò àṣẹ?

Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 fẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ ìkọ́lé, iṣẹ́ ẹnjiníà, ìwakùsà tàbí iṣẹ́ mìíràn tí èèyàn bá ṣe lórí ilẹ̀, nínú ilẹ̀, lábẹ́ ilẹ̀ tàbí lókè ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló kó pọ̀. Bí ẹ bá sì yí ohun tí ẹ ń fi ilẹ̀ ṣe padà débi tó máa kan àyíká, ẹ ti bọ́ sínú òfin náà, bí ẹ kò tiẹ̀ to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Adágún ẹja tí ẹ fi katapílà gbẹ́ kò ní ògiri, kò ní òrùlé, síbẹ̀ iṣẹ́ inú ilẹ̀ ni. Pátákó ìpolówó tí ẹ rì mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì náà wà níbẹ̀.

Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó bá ìjọba àpapọ̀ ṣe pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú. Torí náà, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀: ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀, ilé gbígbé àti ìdàgbàsókè ìlú ní Sẹkitéríàtì, Àgodi, àti ọ́fíìsì Town Planning tó ń rí sí agbègbè yín. Ìjọba ìbílẹ̀ náà ní tirẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

1. Ẹ kọ òwò náà sójú ewé kan

Kì í ṣe ìwé ńlá tí wọ́n ń gbé lọ sí báńkì. Ẹ kọ ohun tó máa wọlé sí oko yín lóòjọ́ àti ohun tó máa jáde. Ọkọ̀ mélòó ló máa wá? Ẹ̀rọ wo ló máa pariwo, láti aago mélòó sí mélòó? Omi ìdọ̀tí máa ṣàn gba ibo? Èèfín ńkọ́? Òórùn ńkọ́? Àwọn èrò ọjà máa sùn mọ́jú ni, àbí wọ́n á lọ nírọ̀lẹ́? Ìbéèrè wọ̀nyí náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa bi yín, bẹ́ẹ̀ sì ni aládùúgbò tó máa fẹjọ́ yín sùn máa bi wọ́n.

Bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ ó rí i pé òwò kì í wúwo bákan náà. Sísin oyin, ìgbín, olú, gbígbin ọmọ igi ọsàn tàbí ti kòkó fún títà, iṣẹ́ oko pọ́ńbélé ṣì ni. Ìjà rẹ̀ pẹ̀lú òfin ètò ìlú kò tó nǹkan. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni kí ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá níwọ̀n ìgbà tí NIHORT, ilé ìwádìí èso àti ewébẹ̀, wà ní Ìdí-Ìṣin, tí CRIN, ilé ìwádìí kòkó, sì wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ níbi tí èèyàn ti lè kọ́ṣẹ́ igi eléso àti kòkó láìjáde n'Ìbàdàn. Adìẹ àti ẹja wúwo ju ìyẹn lọ. Ilé ìṣe gàrí tún wúwo jù wọ́n lọ nítorí ẹ̀rọ àti omi rẹ̀. Ọgbà ìnáwó ló wúwo jù, nítorí ariwo, ọkọ̀ àti èrò, kò sì sí bí ẹ ṣe máa pe ibi tí wọ́n ti ń ta jollof tí wọ́n sì ń lu gángan ní oko.

2. Ẹ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá ìjọba sọ̀rọ̀

Púpọ̀ nínú wa ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí tí a ń san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí. Bó ti wù kí àdéhùn ìṣákọ́lẹ̀ pẹ́ tó, àdéhùn oko ni: ẹ gbin àgbàdo, ẹ gbin ẹ̀gẹ́, ẹ kórè. Àṣà wa kò gbà kí ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ gbin igi tó máa pẹ́ nílẹ̀, bíi kòkó tàbí ọ̀pẹ, tàbí kí ó kọ́lé sórí ilẹ̀ náà láìgbàṣẹ onílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ilé ẹjọ́ pàápàá sì mọ àṣà yìí dáadáa. Ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ tí ẹ fi sìmẹ́ńtì àti bóòtù dè mọ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí ilé lójú onílẹ̀.

Ẹ lọ bá Baálẹ̀ àti olórí ẹbí nílé wọn, ẹ má ṣe é lójú ọ̀nà oko. Ẹ lè sọ ọ́ báyìí: "Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú wa láti ọjọ́ yìí. Ilẹ̀ tí ẹ yọ̀ǹda fún wa láti máa gbin ẹ̀gẹ́, a fẹ́ kọ́ àtíbàbà ẹ̀rọ sí apá kan níbẹ̀, kí a lè máa yan gàrí. Ẹnu yín la fẹ́ gbọ́. A sì bẹ̀ yín kí á kọ ọ́ sílẹ̀." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ojú máa ń tì wá láti sọ níwájú àgbà. Ẹ sọ ọ́. Bàbá tó gbà lẹ́nu lónìí lè má sí mọ́ nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń béèrè ẹni tó fún yín láṣẹ.

Ìwé náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo tó ń wá owó ọdún. Ilẹ̀ ẹbí ni: olórí ẹbí, tí í ṣe Mọ́gàjí nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé Ìbàdàn, àti àwọn àgbààgbà ìdílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí lọ́yà sì wà níbẹ̀. Kí wọ́n kọ bí ibi tí ẹ fẹ́ lò ṣe tóbi tó, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe, iye ọdún, àti ẹni tí òrùlé, ẹ̀rọ àti kànga máa jẹ́ tirẹ̀ bí ẹ bá pínyà. Ìjà orí kànga ẹ̀rọ ti tú àjọṣe tó dáa ká rí.

Ẹ̀yin tí ilẹ̀ jẹ́ tiyín, tí ẹ ń rò pé kí ẹ gé apá kan sí pílọ́ọ̀tù kí ẹ fi owó rẹ̀ dá òwò tuntun sílẹ̀, ẹ ṣe sùúrù. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 sọ pé ilẹ̀ tí kò sí nínú ìgboro, tí èèyàn ti ń dáko lórí rẹ̀ kí òfin náà tó dé, ṣì wà lọ́wọ́ ẹni náà láti máa fi dáko, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gé e sí pílọ́ọ̀tù, kò sì gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: gbogbo ọ̀nà Mọ́níyà àti Ológunẹ́rú ni wọ́n ti gé tán. Òótọ́ ni, ẹ wá lọ wo iye ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà ní kóòtù.

3. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ wò ó

Bí owó bá máa mọ níwọ̀n, orí nǹkan yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an sí. Ẹ wá awọnlẹ̀ tó forúkọ sílẹ̀, kí ó wọn ilẹ̀ náà, kí ó sì bá yín yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Awọnlẹ̀ Àgbà ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ bóyá ìjọba ti gbà á tàbí ó ti yà á sọ́tọ̀ fún nǹkan kan. Ìyẹ̀wò yìí kò wọ́n tó ìdajì ilé ẹ̀rọ, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ òfò gbogbo rẹ̀. Àwọn nǹkan tí ẹ fẹ́ kí ó wò rèé.

Ojú ọ̀nà. Ọ̀nà tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, bíi Ìbàdàn sí Èkó, Ìbàdàn sí Ifẹ̀, Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ní ààlà tirẹ̀: mítà 45.72 láti àárín ọ̀nà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Búkà yín lè jìnnà sí ọ̀dà títì lójú yín kí ó ṣì wà nínú ilẹ̀ ọ̀nà. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Circular Road tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń ṣe yí Ìbàdàn ká gùn tó kìlómítà 110, àárín oko ló sì ń gbà kọjá ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tí oko rẹ̀ wà lágbègbè Badéku tàbí ibòmíràn tó ń gbà kọjá, kó má kọ́ nǹkankan kó tó mọ ibi tí ààlà rẹ̀ dé.

Wáyà iná ńlá. Láti ibùdó iná Ayédé ni wáyà gíga ti gba orí oko púpọ̀ kọjá. Abẹ́ wáyà 330 kV ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 50 tí kò gbọdọ̀ sí ilé, ti 132 kV jẹ́ mítà 30. Ẹ máa rí ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo lábẹ́ rẹ̀ káàkiri, ìyẹn kò sọ pé ilé adìẹ lè wà níbẹ̀.

Odò. Kò yẹ kí wọ́n máa sọ èyí fún ará Ìbàdàn. Omíyalé 31 oṣù kẹjọ 1980 tí Ògùnpa fà, àti ti 26 oṣù kẹjọ 2011 tó pa èèyàn tó ju 100 lọ, wà lọ́kàn gbogbo wa. Iṣẹ́ ìdènà àgbàrá tí Báńkì Àgbáyé ya ìjọba lówó fún tẹ̀ lé ti 2011, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ètò àgbà fún ìlú Ìbàdàn. Ẹni tó ń sin ẹja máa ń fẹ́ wà létí odò, ibẹ̀ gan-an sì ni òfin kò ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà. Ẹ béèrè àlàfo tí wọ́n fẹ́ láàárín odò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín àti adágún yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí odò ńlá àti odò kékeré kì í gba àlàfo kan náà.

Ilẹ̀ ìjọba. Àkùfọ̀ àti Ìjàyè jẹ́ oko àgbájọ (farm settlement) tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀. Ìjọba ló pín in fún àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀ níbẹ̀ láti dáko kò lè dá gbọ̀ngàn ìnáwó sílẹ̀ lórí rẹ̀ bó ti wù ú. OYSADA, àjọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó ń rí sí òwò àgbẹ̀, ni kí ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Bí ìyẹ̀wò bá fi hàn pé ìjọba ti gba ilẹ̀ náà, kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀tọ́ yín ti bọ́. Òfin 1978 fún ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní owó gbà-má-bínú lórí irè oko àti ilé tó wà níbẹ̀, kò sí ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ju owó ilẹ̀ tí èèyàn san lọ́dún yẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ máa ya fọ́tò igi kòkó yín, kí ẹ sì ka iye wọn. Ilé tí ẹ kọ́ láìgbàṣẹ ni yóò ṣòro láti gba owó lé lórí.

4. Ẹ lọ sí Town Planning kí ẹ tó lọ ra búlọ́ọ̀kù

Ẹ mú ewé tí ẹ kọ, ìwé ìwọnlẹ̀ àti ìwé ẹbí lọ. Ẹ má tíì sanwó pílánì fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, oko ni ibí yìí ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, irú iṣẹ́ báyìí la fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ṣé agbègbè náà gbà á? Bó bá gbà á, kí lẹ máa fẹ́ rí?" Èsì àkọ́kọ́ yẹn lè yà yín lẹ́nu. Agbègbè tí ẹ̀yin ń pè ní oko lè ti di agbègbè ilé gbígbé lórí máàpù wọn láti ọjọ́ pípẹ́, kí ilé àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Ìgbà tí àwọn tó kó wá láti ìgboro bá sì kọ́lé yí yín ká, oko adìẹ tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé ni wọ́n máa fẹjọ́ òórùn rẹ̀ sùn. Ẹni tó ní ìwé tó fi ọdún tó bẹ̀rẹ̀ hàn lè fèsì. Ẹni tí kò ní, ariwo lásán ni yóò máa pa.

Bí wọ́n bá ní ó ṣeé ṣe, ayàwòrán ilé tó forúkọ sílẹ̀ ni kó ya pílánì, kí ẹnjiníà sì fọwọ́ sí èyí tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó yí ìlò ilẹ̀ padà lè mú kí wọ́n béèrè ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ lọ́dọ̀ onímọ̀ ètò ìlú tó níwèé àṣẹ. Ẹ jẹ́ kí gbogbo nǹkan wà nínú pílánì kan náà: ibi ẹ̀rọ, ibi ìdáná, kòtò omi ìdọ̀tí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kànga, ibi tí ọkọ̀ máa dúró, ọ̀nà tí ọkọ̀ máa gbà yí padà. Ibi ìdúró ọkọ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ mọ́ fún búkà àti ọgbà, àwa náà la sì sábà máa ń gbàgbé rẹ̀, torí pé ojú ilẹ̀ oko fẹ̀, a rò pé ọkọ̀ máa rí ibi dúró sí.

Owó tí ẹ bá san, inú àpò ìjọba ní báńkì ni kó gbà lọ, kí rìsíìtì sì jáde. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun kó lè "bá yín sáré sí i," ẹ fi ọ̀rọ̀ rere dá a lóhùn, ẹ jáde. Ìwé tó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn jáde kì í sí nínú fáìlì lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá a. Bí àṣẹ bá dé, ẹ wo ọjọ́ tó máa parí, nítorí àṣẹ ìkọ́lé kì í wà títí láé. Ẹni tó gbà á tó wá jókòó tì í lè ní láti tún un gbà.

5. Ẹ ro omi ìdọ̀tí tán kí ẹ tó ro èrè

Omi tó ń ṣẹ́ jáde nínú àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fún, oró wà nínú rẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ilé ìṣe gàrí àtijọ́: ilẹ̀ á dúdú, á máa dán bí ọṣẹ, koríko kankan kò ní hù lójú ọ̀nà tí omi náà ń gbà, òórùn kíkan á sì gba imú yín kí ẹ tó dé ibi ẹ̀rọ. Bí ó bá ṣàn dé odò, ẹja máa kú. Ewúrẹ́ tó bá mu ún lè kú. Kòtò tí ẹ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nínú, tó ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta kí omi lè tòrò kí ó sì jókòó pẹ́, kì í ṣe nǹkan tí ẹ máa fi kún un tó bá yá. Kí ó wà nínú pílánì láti ọjọ́ kìíní, kí ó jìnnà sí kànga, kí ó sì wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ sí i. Adágún ẹja àti ilé ìṣe gàrí lórí oko kan náà ṣeé ṣe, bí ẹja bá wà lókè, tí gàrí wà nísàlẹ̀.

Agbègbè tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sí Ẹlẹ́yẹlé tàbí Àṣẹ̀jíre gba ìṣọ́ra jù, nítorí inú adágún méjèèjì ni omi ẹ̀rọ ìlú Ìbàdàn ti ń wá.

Òfin 1992 ní kí ẹni tó fẹ́ kọ́ tàbí fẹ ilé iṣẹ́ (factory), tàbí tó fẹ́ dá ibi ìgbafẹ́ ńlá sílẹ̀, fi àlàyé ipa tí iṣẹ́ náà máa ní lórí àyíká kún ìwé tó fi ń tọrọ àṣẹ. Àtíbàbà ẹ̀rọ kan lè má kàn án. Bí ẹ bá ń ro ẹ̀rọ púpọ̀ lábẹ́ òrùlé kan pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ béèrè lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká kí ẹ tó ra nǹkankan.

6. Àwọn ìwé yòókù

Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 fi àbójútó ṣọ́ọ̀bù, búkà, ilé oúnjẹ, ilé búrẹ́dì àti títa ọtí sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, torí náà ọ̀dọ̀ wọn ni ti búkà àti ọgbà wà, yàtọ̀ sí ti Town Planning. Níbi tí LCDA, ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀, wà, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó ẹni tó yẹ kó gbà á, kí ẹ má bàa san án lẹ́ẹ̀mejì. Pátákó ìpolówó, OYSAA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí pátákó. Gàrí tí ẹ fi ọ̀rá tó ní orúkọ dì fún ṣọ́ọ̀bù, NAFDAC, wọn yóò sì wá wo ilé ìṣe náà fúnra wọn. Orúkọ òwò, CAC ni ẹ ó ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ sin màlúù gbọ́dọ̀ ní ọgbà tó sé wọn mọ́, nítorí òfin ìpínlẹ̀ ti 2019 kò gba dída ẹran kiri. Ẹ má sì rò pé ẹ lè máa pa wọ́n fún títà lórí oko: ilé ìpẹran tó wà fún Ìbàdàn wà ní Amósùn, ní Akínyẹlé.

7. Bí wọ́n bá ti fi ọ̀dà pupa kọ ìkìlọ̀ sára ògiri yín

Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má sì kọ́lé lọ lóru pé ẹ máa parí rẹ̀ kí wọ́n tó padà wá. Ẹ ya fọ́tò ọ̀dà náà àti ọjọ́ tó wà níbẹ̀, ẹ gba ìwé ìkìlọ̀ tó bá a rìn, ẹ kà á dáadáa tàbí kí ẹ fún ọmọ yín tó kàwé. Ìwé tí wọ́n kọ "kò gbàṣẹ" sí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ "ó wà nínú ilẹ̀ ọ̀nà" tàbí "ó sún mọ́ odò jù" sí. Ti àkọ́kọ́ ṣeé tún ṣe: ẹ máa gbé pílánì ilé tó ti wà nílẹ̀ lọ, wọn yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ máa san owó ìwé àti owó ìtanràn. Ti èkejì àti ẹ̀kẹta, bí awọnlẹ̀ yín bá wọ̀n ọ́n tó rí i pé òótọ́ ni, ẹ má ná owó lọ́yà lé e lórí. Ẹ tú ẹ̀rọ, páànù àti igi òrùlé fúnra yín kí katapílà tó dé, nítorí nǹkan tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín tú ṣeé gbé lọ síbòmíràn. Bí ìwọ̀n yín bá yàtọ̀ sí tiwọn, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ so ìwé awọnlẹ̀ mọ́ ọn, ẹ mú un lọ sí Àgodi, ẹ sì rí i pé wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín.